Àwòrán tí mo fi sínú AutoCAD kì í bá DWG (fáìlì AutoCAD) rìn: àpótí òfìfo ni ẹlòmíì ń rí

#1 Ọmọ_Yàbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. AutoCAD 2021 ni mo fi ń ya pílánù. Pílánù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àwòrán mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: ìwé sọ́fè tí a ṣe síkáànì rẹ̀, ojú ilẹ̀ láti orí Google Earth, àti lógò nínú àpótí orúkọ tó wà létí ìwé. Gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Bí fáìlì bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde lórí A1, àpótí òfìfo ni wọ́n ń rí, pẹ̀lú ìlà kan bíi C:\Users\...\Downloads\sofe.jpg láàárín rẹ̀.

Ṣé IMAGEATTACH (àṣẹ tí mo fi so àwọn àwòrán náà mọ́ ọn) ni kò dáa ni, àbí kí n máa fi Ctrl+C àti Ctrl+V lẹ̀ ẹ́? Ìbéèrè kejì: ìwé sọ́fè yẹn kò bá ìwọ̀n mu rárá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ mítà 36, DIST (àṣẹ tó ń wọn gígùn) ń ka 0.61.

#2 Ọ̀gá_Dráftì

Àwòrán yẹn kò sọnù, kò sí nínú DWG látìbẹ̀rẹ̀ ni. IMAGEATTACH kì í gbé àwòrán wọ inú fáìlì. Àdírẹ́sì ló ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí àwòrán máa jókòó sí, bó ṣe máa tóbi tó àti ibi tó máa kọjú sí. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí DWG, AutoCAD á tẹ̀ lé àdírẹ́sì yẹn lọ wá a. Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò sì ní fódà Downloads tiyín.

Ẹ kọ XREF kí ẹ tẹ Enter. Pálẹ́ẹ̀tì External References á jáde, ẹ máa rí orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Lábẹ́ Status, Loaded ló máa wà lọ́dọ̀ yín. Lọ́dọ̀ atẹ̀wé, Not Found ni.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe rèé. Ẹ ṣí fódà kan ṣoṣo fún iṣẹ́ náà, kí ẹ kó DWG àti àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn gan-an. Nínú External References, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí àwòrán, ẹ mú Select New Path, kí ẹ sì tọ́ka sí èyí tó wà nínú fódà tuntun. Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, Change Path Type, Make Relative. Àdírẹ́sì máa wá di .\sofe.jpg, ìyẹn ni pé "wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ DWG", dípò C:\Users ati bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti AutoCAD 2018 ni Relative ti di ohun tó ń yàn fúnra rẹ̀. REFPATHTYPE ló ń darí rẹ̀ (0 kò kọ ọ̀nà kankan, 1 ni Relative, 2 ni Full). Bí tiyín bá ṣì ń kọ C:\ gbogbo rẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ti yí i padà, tàbí pé DWG wà lórí D: nígbà tí àwòrán wà lórí C:. Relative kì í kọjá láti díráìfù kan sí òmíràn.

Ohun kan tó máa ń gba ènìyàn sílẹ̀: bí àdírẹ́sì tó wà nínú DWG kò bá ṣiṣẹ́, AutoCAD máa ń wo fódà tí DWG fúnra rẹ̀ wà kó tó sọ pé òun kò rí i. Nítorí náà, bí orúkọ kò bá ti yí padà, tí àwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DWG, ó máa hàn, àdírẹ́sì àtijọ́ ìbáà jẹ́ Downloads.

#3 Ìyá_Plọ́tà

"Bí orúkọ kò bá ti yí padà" tí ọ̀gá sọ yẹn, ibẹ̀ ni WhatsApp ti ń dá gbogbo yín lóró. Ẹ fi sofe.jpg ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, á sì sọ ọ́ ní IMG-(ọjọ́ òní)-WA0007.jpg. DWG ń wá sofe.jpg, kò lè rí i láéláé. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document: orúkọ kò ní yí, kò sì ní dín kù.

Èyí tó dára jù lọ ni ETRANSMIT, àṣẹ tó ń kó DWG àti àwọn fáìlì tó so mọ́ ọn pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi DWG pamọ́, ẹ kọ ETRANSMIT, kí ẹ wo Files Tree bóyá àwòrán yín wà níbẹ̀ tí a sì mààkì rẹ̀. Ẹ lọ sí Transmittal Setups, Modify, kí ẹ yan Place all files in one folder, kí ẹ sì mààkì Include fonts, torí pé àìsí fọ́ǹtì ló ń sọ ọ̀rọ̀ yín di àmì ìbéèrè lọ́dọ̀ wa. Zip kan ló máa jáde, ìyẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá gbà á, kó tú zip náà sílẹ̀ kó tó ṣí DWG. Bó bá tẹ DWG lẹ́ẹ̀mejì láti inú zip, Windows á mú DWG nìkan jáde sí fódà ìgbà díẹ̀, àpótí òfìfo náà ló tún máa rí, á sì ní fáìlì yín kò dáa.

Bó bá sì jẹ́ títẹ̀ jáde lásán ni, kí lẹ tún ń fi DWG ránṣẹ́ ṣe? PDF ni kí ẹ mú wá. Ohun tí ẹ rí nínú PDF lórí kọ̀ǹpútà yín ló máa jáde lórí plọ́tà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wa.

#4 Kíá_Kíá

Ẹ ti ń jẹ́ kó le jù. Ẹ ṣí àwòrán nínú Paint, Ctrl+A, Ctrl+C, ẹ padà sí AutoCAD, Ctrl+V. Ó ti wọ inú DWG nìyẹn. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí zip.

#5 Ọ̀gá_Dráftì

Òótọ́ ni, ó wọlé. OLE (ohun tí a gbé láti inú ètò míì wá lẹ̀ mọ́ fáìlì) ni ohun tó wọlé yẹn, kì í ṣe àwòrán bíi ti IMAGEATTACH, ó sì ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn:

ROTATE kì í yí i. IMAGECLIP kì í gé e, IMAGEADJUST kì í mú un fẹ́rẹ̀fẹ́. AutoCAD ti Mac kì í fi í hàn. Ìwé A4 tí a síkáànì ní dpi 300 (píkísẹ̀lì 300 nínú ínǹṣì kan) jẹ́ píkísẹ̀lì 2480 × 3508. Bí a bá tú u sílẹ̀ láìfúnpọ̀, nǹkan bíi MB 26 ni, bẹ́ẹ̀ JPG kékeré kan ló jẹ́ lórí dísìkì. Ẹ lẹ mẹ́ta irú rẹ̀ mọ́ DWG kan, kí ẹ wá máa retí kó ṣí. Nígbà títẹ̀, ó lè jáde ní gbàgìgbàgì. OLEQUALITY ló yẹ kí ẹ gbé sókè, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wò nìyẹn. Bí kò bá hàn rárá, ẹ wo OLEHIDE: 0 ló yẹ kó jẹ́.

Lógò kékeré tí kò ní yí, láàárín àwọn tó ń lo Windows nìkan, mi ò bá yín jà sí i. Ìwé sọ́fè tí ẹ fẹ́ fi wọn nǹkan ńkọ́? Rárá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé fífa JPG láti inú fódà jù sórí AutoCAD ń gbé e wọlé. IMAGEATTACH kan náà ni, àdírẹ́sì ló kọ.

#6 Kíá_Kíá

Mo gbà nípa ti yíyí. Fún àpótí orúkọ, èmi ò ní dẹ́kun Ctrl+V o.

#7 Awọnlẹ̀31N

Ọmọ_Yàbá, ẹ jẹ́ ká dé orí 0.61 yẹn. Bí àwòrán kò bá ní ìròyìn dpi nínú, tàbí tí DWG yín jẹ́ Unitless, AutoCAD máa ń fún àwòrán ní fífẹ̀ tí í ṣe 1 péré. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín gba ìdá 0.61 fífẹ̀ ìwé náà. Kò sí ohun tó bàjẹ́, a ò kàn tíì sọ ìwọ̀n fún un ni.

Ẹ kọ INSUNITS ná: 6 ni mítà, 4 ni mìlìmítà. Pílánù ojú ilẹ̀ dára ní mítà. Lẹ́yìn náà:

SCALE, ẹ yan férémù àwòrán, ẹ tẹ òpó ààlà kan gẹ́gẹ́ bí ibi ìdúró. Ẹ kọ R kí ẹ tẹ Enter. Ẹ tẹ àárín òpó àkọ́kọ́, ẹ tẹ àárín òpó kejì, kí ẹ wá kọ 36. Ó parí. Kò sí ìdí láti fi ẹ̀rọ ìṣirò pín 36 sí 0.61.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni títẹ̀ yẹn. Osnap (ohun tó ń fa máòsì sórí igun tàbí òpin ìlà) kì í mú ohun tó wà nínú àwòrán, igun férémù nìkan ló ń mú. Ẹ pa Osnap, kí ẹ sún mọ́ àwòrán títí ẹ ó fi rí píkísẹ̀lì ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìwé 1:500 tí a síkáànì ní dpi 300, píkísẹ̀lì kan níbẹ̀ dúró fún mìlìmítà 42 lórí ilẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá fi píkísẹ̀lì méjì tàsé, mìlìmítà 85 nìyẹn. Lórí ìlà mítà 36, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (0.24). Bó bá jẹ́ ìlà mítà 5 ni ẹ fi wọ̀n ọ́n, 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni, gbogbo ìyókù pílánù á sì gbé àṣìṣe yẹn kiri. Nítorí náà, ìlà tó gùn jù lọ lórí ìwé ni kí ẹ fi ṣe é.

Bí ìwé sọ́fè bá ní Easting àti Northing (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí òpó wà, sí ìlà-oòrùn àti sí àríwá) àwọn òpó, ALIGN sàn ju SCALE lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi POINT sí ibi tí òpó méjì wà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn ṣe wí. ALIGN, ẹ yan àwòrán, òpó kìíní lórí àwòrán sí POINT rẹ̀, òpó kejì sí POINT tirẹ̀, Enter, kí ẹ dáhùn Yes nígbà tó bá béèrè bóyá kó yí ìwọ̀n padà. Ó gbé e lọ, ó yí i, ó sì tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òpó kẹta yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òpó kẹta bá jìnnà sí ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wí, fóònù ni wọ́n fi ya ìwé náà láti ẹ̀gbẹ́, tàbí ìwé ti ká kò lórí síkáánà. ALIGN kò lè tún ìyẹn ṣe, nítorí bákan náà ló ń na gígùn àti ìbú. Ẹ tún un ṣe síkáànì lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tàbí kí ẹ fi irinṣẹ́ Perspective ti GIMP tọ́ ọ kí ẹ tó gbé e wá.

Ẹ ṣọ́ra fún dátọ́ọ̀mù pẹ̀lú, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà kà. Èkó àti Ìbàdàn wà ní UTM 31N, ẹkùn 31 àríwá nínú ètò máàpù UTM. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè wa wà lórí Minna, dátọ́ọ̀mù Nàìjíríà (EPSG 26331), GPS àti Google Earth sì wà lórí WGS84 (EPSG 32631). Nọ́ńbà méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da wọ́n pọ̀, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti sẹ̀ntímítà, mítà rẹpẹtẹ ni.

#8 Awọnlẹ̀31N

Mo gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má fi àwòrán ya ààlà ilẹ̀. Ẹ ya á láti inú bíárì (igun tí ìlà kọjú sí láti àríwá) àti gígùn tí awọnlẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú UNITS, ẹ yan Deg/Min/Sec, ẹ mààkì Clockwise, kí ẹ tẹ Direction kí ẹ yan North. Lẹ́yìn ìyẹn, LINE, kí ẹ máa kọ ọ́ báyìí: @36.02<128d30'. Bí ìlà tó kẹ́yìn bá padà sórí òpó àkọ́kọ́, ẹ kà á dáadáa. Iṣẹ́ àwòrán tó wà lábẹ́ ni láti jẹ́rìí sí i: bí ìlà yín bá yà kúrò lórí ìlà inú àwòrán, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan kà.

#9 Ọmọ_Yàbá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. SCALE pẹ̀lú R ti tún ti sọ́fè ṣe. Ti Google Earth ló kù. Ó bo gbogbo ìlà mi mọ́lẹ̀, bí mo bá sì sún mọ́ ọn, kò mọ́. Máòsì mi tún máa ń gbé e kúrò níbi tó wà nígbà tí mo bá ń yan nǹkan míì.

#10 Ọ̀gá_Dráftì

Léyà (ìpele) tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kí ẹ wá ti léyà náà pa, ìyẹn Lock. Máòsì kò ní lè gbé e mọ́. Ẹ má fi sí Defpoints o, léyà yẹn kì í jáde lórí ìwé.

Bíbò: DRAWORDER, ẹ yan àwòrán, Back. Ìmọ́lẹ̀: IMAGEADJUST, kí ẹ gbé Fade sí àárín 40 sí 60, ìlà yín á yọ lórí rẹ̀ dáadáa. Gígé: IMAGECLIP, New boundary, Polygonal bí ilẹ̀ kò bá ní igun mẹ́rin. Gígé yìí kò kan fáìlì àwòrán fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbogbo rẹ̀, Delete nínú IMAGECLIP á dá a padà.

Férémù: IMAGEFRAME 2 ni mo máa dámọ̀ràn. 0 kì í fi férémù hàn, 1 ń fi í hàn ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde, 2 ń fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ ẹ́. Nínú AutoCAD àtijọ́, àwọn tó bá fi í sí 0 ló máa ń wá bi wá léèrè ìdí tí àwọn kò fi lè yan àwòrán mọ́.

Ti pé kò mọ́: fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà (screenshot) lẹ yà ni. Nínú Google Earth Pro, ẹ tẹ R kó kọjú sí àríwá, kó sì wo ilẹ̀ láti òkè tààrà. Ẹ pa Terrain. Ẹ fi Ruler fa ìlà mítà 100 kí ẹ fi í pamọ́ kó lè hàn nínú àwòrán, torí ìlà yẹn ni ẹ máa fi ṣe SCALE. File, Save, Save Image, kí ẹ yan Maximum. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Google tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

#11 Awọnlẹ̀31N

Bí ẹ bá rí àwòrán òfurufú tó wá pẹ̀lú fáìlì .jgw tàbí .tfw (fáìlì tó ń sọ ibi tí àwòrán wà lórí ilẹ̀), AutoCAD lásán kì í kà á. Map 3D àti Civil 3D ní MAPIINSERT tó ń kà á. Bí ẹ kò bá ní wọn, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì náà. Ìlà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: fífẹ̀ píkísẹ̀lì, nọ́ńbà yíyí méjì (0 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́), gíga píkísẹ̀lì pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, lẹ́yìn náà Easting àti Northing àárín píkísẹ̀lì tó wà ní igun òkè lápá òsì.

AutoCAD ní tirẹ̀ ń béèrè igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, nítorí náà ẹ ní láti ṣírò. Àpẹẹrẹ: píkísẹ̀lì 4000 × 3000, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 0.25, ìlà karùn-ún 543000.125, ìlà kẹfà 719999.875. Ẹ yọ ìdajì píkísẹ̀lì kúrò nínú Easting: 543000. Ẹ fi ìdajì kún Northing, ó di 720000, kí ẹ yọ 3000 × 0.25, ìyẹn 750: 719250. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi àwòrán sí. Nínú Properties, ẹ kọ 1000 sí Width. Ó ti jókòó sí àyè rẹ̀ nìyẹn, láìsí ALIGN. Bí ìlà kejì tàbí ìkẹta kò bá jẹ́ 0, ẹ kọ́kọ́ fi QGIS (ètò máàpù) tọ́ ọ, ìṣirò yìí kò ní bá a mu.

#12 Ìyá_Plọ́tà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti títẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ ń dé.

Àwòrán hàn lójú kọ̀ǹpútà, kò jáde lórí ìwé: ẹ wo àmì plọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà rẹ̀ nínú LAYER, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á. Bó bá sọnù nínú viewport (fèrèsé tó ń fi pílánù hàn lórí ìwé títẹ̀) kan ṣoṣo, wọ́n ti fi VP Freeze pa léyà rẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ó jáde, ṣùgbọ́n ìlà tó wà lórí rẹ̀ kò jáde dáadáa tàbí àwọ̀ wọn dà pọ̀: DRAWORDER nìkan kò tó. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ plọ́tà, ìyẹn PC3 Properties, ẹ wá Merge Control kí ẹ fi sí Lines Overwrite.

Ó jáde ní gbàgìgbàgì nínú PDF: ẹ ṣí Properties ti DWG To PDF.pc3, Custom Properties, kí ẹ gbé dpi ti raster image (àwòrán píkísẹ̀lì) sókè. IMAGEQUALITY kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni Draft àti High wà fún. Títẹ̀ máa ń lo High nígbà gbogbo.

Èyí tó ń ná yín lówó jù: ẹ yan monochrome.ctb (CTB ni fáìlì tó ń sọ àwọ̀ àti nínípọn ìlà nígbà títẹ̀), ẹ rò pé dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀ máa jáde. CTB ń darí ìlà, kì í fọwọ́ kan àwòrán. Ojú ilẹ̀ Google Earth yín máa jáde ní aláràbarà lórí A1 kíkún, wọ́n á sì gba owó aláràbarà. Ẹ sọ fáìlì JPG fúnra rẹ̀ di aláwọ̀ eérú kí ẹ tó so ó mọ́ DWG, tàbí kí ẹ ní kí plọ́tà fúnra rẹ̀ tẹ dúdú nìkan.

Àti pé dpi 600 kò pọn dandan. Fún àwòrán tó máa gba gbogbo fífẹ̀ A1, mìlìmítà 841, dpi 150 ti tó. Nǹkan bíi píkísẹ̀lì 4970 nìyẹn. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kọ̀ǹpútà yín nìkan ló ń jìyà rẹ̀.

#13 Akẹ́kọ̀ọ́_Póólì

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ gbé àwòrán kan láti inú DWG kan lọ sínú òmíràn. Mo ṣe Ctrl+C, Ctrl+V, ó wọlé, ṣùgbọ́n Not Found ló ń sọ. Àwa kan nínú kíláàsì tún ń lo LibreCAD àti FreeCAD, ṣé bákan náà ni?

#14 Ọ̀gá_Dráftì

Àdírẹ́sì náà ni ẹ gbé lọ. Bó bá jẹ́ .\sofe.jpg, fódà DWG tuntun ló ń wò báyìí, kò sì sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ kó fáìlì àwòrán lọ síbẹ̀, kí ẹ tẹ Reload. Bí ẹ bá fẹ́ kó jókòó sí ibi kan náà gan-an tó wà nínú èyí àkọ́kọ́, PASTEORIG ni kí ẹ lò dípò Ctrl+V. Bó bá jẹ́ pé igun kan pàtó ni ẹ fẹ́ fi gbé e, Ctrl+Shift+C á jẹ́ kí ẹ yan ibi ìdìmú.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, bọ́tìnnì Delete nìkan kò tó. Ó pa èyí tó wà lórí pílánù, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú External References. Detach ló ń yọ ọ́ kúrò pátápátá. Unload yàtọ̀: ó kàn gbé e sùn kí DWG lè yára, férémù àti àdírẹ́sì ṣì wà.

Ẹ fún àwòrán ní orúkọ gidi. Fódà kan kò lè gba image1.jpg méjì, bí ẹ bá sì kó iṣẹ́ méjì pọ̀, ọ̀kan á gorí èkejì. Ilẹ̀ ẹlòmíì lẹ máa bá lábẹ́ pílánù yín.

LibreCAD: àdírẹ́sì ni òun náà ń kọ, fódà kan náà ni kí ẹ fi wọ́n sí. FreeCAD yàtọ̀, ó ń gbé àwòrán sínú fáìlì .FCStd fúnra rẹ̀. Láti 0.21, kò sí Image Workbench mọ́. File, Import ni, lẹ́yìn náà ẹ tẹ àwòrán lẹ́ẹ̀mejì nínú igi iṣẹ́ kí ẹ lo Calibrate: ẹ tẹ ibi méjì, ẹ kọ gígùn tó wà láàárín wọn.

Irú fáìlì náà ṣe pàtàkì. .webp láti orí íntánẹ́ẹ̀tì àti .heic láti inú iPhone kò ní wọlé sí AutoCAD. Yíyí ìparí orúkọ sí .jpg kì í yí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i nínú Paint tàbí GIMP kí ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PNG tàbí JPG.

#15 Akẹ́kọ̀ọ́_Póólì

Ẹ ṣeun, sà. Láti AutoCAD sí Word ńkọ́, fún pírójẹ́ẹ̀tì? Tí mo bá lẹ̀ ẹ́, ìlà ń tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú nígbà míì.

#16 Ìyá_Plọ́tà

Ẹ má ṣe kọ́pì rẹ̀. PLOT, ẹ yan PublishToWeb PNG.pc3, kí ẹ ṣẹ̀dá ìwọ̀n ìwé tuntun: 3508 × 2480 fún A4 tó dùbúlẹ̀ ní dpi 300. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa funfun, ìlà á sì nípọn bí CTB ṣe wí. Nínú Word, File, Options, Advanced, kí ẹ mààkì Do not compress images in file kí ẹ tó fi PNG sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Word á fún un pọ̀, nọ́ńbà ìwọ̀n yín kò ní ṣeé kà.

#17 Ọmọ_Yàbá

Zip ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, sọ́fè àti ojú ilẹ̀ hàn. Lógò nìkan ló kù, etí rẹ̀ ń rí gánnagànna lórí A1.

#18 Kíá_Kíá

Ctrl+V!

#19 Ọ̀gá_Dráftì

Ctrl+V kò ní tún etí gánnagànna ṣe, píkísẹ̀lì kan náà ni. Lógò kò yẹ kó jẹ́ àwòrán rárá, ìlà ló yẹ kó jẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya lógò náà fún fáìlì CorelDRAW rẹ̀, kó fi í jáde ní PDF. Ẹ ṣí PDF yẹn, kí ẹ sún mọ́ ọn gan-an: bí etí rẹ̀ bá ń dán síbẹ̀, ìlà ni, bó bá fọ́ sí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké, JPG ni wọ́n kàn dì sínú PDF, kò wúlò fún èyí.

Bó bá jẹ́ ìlà: PDFIMPORT (ó wà láti AutoCAD 2017), kọ F fún File, yan PDF, mààkì Vector geometry àti Solid fills, yọ Raster images kúrò. Àwọn ìlà náà máa wọlé, kí ẹ kó wọn pọ̀ sí BLOCK kan tí ẹ pè ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ẹ fi í sínú àpótí orúkọ. Inú DWG ló wà báyìí, kò ní àdírẹ́sì tó máa wá, etí rẹ̀ kò sì ní fọ́ bó ti wù kí ìwé tóbi tó. Ẹ padà sí XREF kí ẹ ṣe Detach fún lógò PNG àtijọ́ kí ETRANSMIT má baà tún kó o.